Ìgbín odò tí ọjà rẹ̀ kò tà

 

Ẹ̀yin oníìrẹsì àti ẹ̀yin oníìgbín ni ọ̀rọ̀ tòní kàn jù. Ìgbín kan wà tó ń gbé inú omi, golden apple snail ni àwọn òyìnbó ń pè é. Kì í ṣe ìṣáwùrú tiwa o. Gúúsù Amẹ́ríkà nilé rẹ̀, òwò ló sì gbé e kúrò nílé.

Ní nǹkan bí ọdún 1980, wọ́n kó o láti Argẹntínà lọ sí Taiwan, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa sìn ín fún jíjẹ. Ẹni tó bá ti kó ọjà tí kò tà rí á mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Àwọn ará ibẹ̀ tọ́ ọ wò, kò bá wọn lẹ́nu mu. Owó ti wọlé, ọjà ò jáde. Ni wọ́n bá dà á sódò. Ó gba odò wọ oko ìrẹsì, ó ń jẹ ìrẹsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́. Kò pẹ́ tó fi dé Filipínì àti Vietnam.

Kò rọrùn láti pa run rárá. Tí omi bá gbẹ, á wọnú ẹrẹ̀, á fi ìdérí ẹnu rẹ̀ tilẹ̀kùn mọ́ra fún ọ̀pọ̀ oṣù, bí òjò bá rọ̀ á tún jáde. Àwọn àgbẹ̀ ń fọwọ́ ṣà á, wọ́n ń da pẹ́pẹ́yẹ sóko kí wọ́n máa jẹ ẹ́.

Ní 2020, ìwádìí fi hàn pé ó ti dé Mwea ní Kẹ́nyà, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú ìrẹsì tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀ ti ń wá. Áfíríkà ńkọ́ yẹn? Ṣebí a mọ ohun tí owó àpò ìrẹsì máa ń dà tí oko ò bá ṣe dáadáa.

Tìlera náà wà ńbẹ̀. Ní Beijing, ọdún 2006, ó lé ní 100 èèyàn tó jẹ ẹ́ láì jinná nílé oúnjẹ. Kòkòrò tí eku ń kó ràn án wọ ọpọlọ wọn.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìgbín odò àjèjì wá fún yín pé ẹ bá òun tà á, ẹ bi í níbi tó ti kó o. A mọ̀ pé ó máa ń dunni kéèyàn da ọjà nù, ṣùgbọ́n èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ má dà á sódò tàbí sí gọ́tà. Ẹ sè é kó jinná dénú. Ẹyin rẹ̀ ò fara sin: òkè omi ló ń yé e sí, lára koríko, ọgọ́rọ̀ọ̀rún lẹ́ẹ̀kan, àwọ̀ píńkì. Ẹni tó bá rí i létídò, kó sọ fún àwọn oníṣẹ́ ọ̀gbìn ní ìjọba ìbílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.