Ilé, Ìgbàgbọ́ àti Ìbọn: Ìgbésí Ayé Ṣójà ní Ìlú Bìní

Ṣójà tó bá fi iṣẹ́ ológun ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀ lè lo ọdún 35 lẹ́nu rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Láàárín ọdún wọ̀nyí ni yóò gbéyàwó, tí yóò bímọ, tí yóò sin òbí rẹ̀, tí yóò sì máa wá ojú Ọlọ́run, bẹ́ẹ̀ ni ìwé lè dé lójijì pé kó palẹ̀ ẹrù mọ́, ó ti di ìlú mìíràn. Ní ìlú Bìní, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Ẹdó, àwọn tó ń gbé irú ayé yìí pọ̀. Ibẹ̀ ni olú ilé-iṣẹ́ Bìrìgéèdì Kẹrin àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ wà, lábẹ́ Dífíṣọ̀n Kejì tó fìdí sọlẹ̀ sí Ìbàdàn. Ibẹ̀ náà ni ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ṣójà ti ń kọ́ bí a ṣe ń pèsè oúnjẹ àti ohun èlò, tí a sì ń kó wọn dé ojú ogun. Àmọ́ kí báráàkì tó débẹ̀ rárá ni ogun, ẹbí àti ẹ̀sìn ti wọnú ara wọn ní Bìní.

Láyé àtijọ́, ìjòyè méjì ló sábà máa ń ṣáájú ogun ọba. Ọ̀kan ni Iyasẹ, olórí àwọn ìjòyè ìlú. Èkejì ni Ẹzọmọ, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè Uzama, tó sì ń gbé ní Uzebu. Nínú gbogbo Ẹzọmọ, Ẹhẹnua ni ìtàn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún, Iyasẹ kan tí wọ́n ń pè ní Iyasẹ n'Ode dìtẹ̀ mọ́ ọba, ìlú sì dàrú. Ẹhẹnua ló jà fún Ọba Akẹnzua Kìíní, tí apá ọlọ̀tẹ̀ náà kò fi ká ìlú mọ́. Èrè tó gbà ni pé oyè Ẹzọmọ di ti ìdílé rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọmọ ló ń jogún rẹ̀ lọ́wọ́ baba.

Ẹ̀rí iṣẹ́ Ẹhẹnua wà lára ohun kan tí àwọn Bìní ń pè ní ikẹgobọ, ìyẹn ojúbọ ọwọ́. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ọwọ́ èèyàn ní agbára tirẹ̀: ọwọ́ ló ń roko, ọwọ́ ló ń gbé idà, ọwọ́ ló ń kó ọrọ̀ wọlé. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá yọrí sí rere a máa bọ ọwọ́ rẹ̀, bí Yorùbá ṣe ń bọ orí. Ojúbọ yìí rí rìbìtì bí ìlù, igi sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń gbẹ́ tiwọn. Idẹ jẹ́ ti ọba, ti ìyá ọba àti ti Ẹzọmọ. Lórí èyí tí wọ́n fi idẹ rọ fún Ẹhẹnua, òun fúnra rẹ̀ ló dúró láàárín nínú aṣọ ogun, ó ga ju gbogbo àwọn tó yí i ká lọ. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wà níbẹ̀, orí àwọn ọ̀tá tí wọ́n bẹ́ náà wà níbẹ̀. Ilé ẹbí ní Uzebu ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀, tí wọ́n sì ń bọ ọ́. Ní ọdún 1961, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, R. E. Bradbury, tẹ àlàyé tó kún jáde lórí rẹ̀. Iṣẹ́ baba, ogún àwọn ọmọ àti ohun tí wọ́n ń bọ kò pín sí mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn. Ohun kan náà ni, ó sì wà lójú kan.

Ní oṣù Kejì ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Bìní, wọ́n kó o lẹ́rù, wọ́n sì lé Ọba Ọvọnramwẹn lọ sí Kàlàbá. Ọlọgbosẹrẹ, ọ̀gágun ọba, ń bá wọn jà nínú igbó títí di ọdún 1899. Lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ ológun di iṣẹ́ ìjọba tó ní owó oṣù. Ṣójà ń jà fún ẹni tí kò mọ̀ rí, ó sì ń lọ síbi tí wọ́n bá rán an, títí kan ilẹ̀ Bọ́má lákòókò ogun Hitila, níbi tí dífíṣọ̀n méjì láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti jà.

Lára àwọn ọmọ Bìní tó wọ iṣẹ́ ológun tuntun yìí, Samuel Osaigbovo Ogbemudia ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1932 ni wọ́n bí i ní Bìní, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi ló sì ti kàwé ní kékeré. Ó wọ iṣẹ́ ológun ní ọdún 1953. Iṣẹ́ náà gbé e lọ sí Teshie ní Gánà, ó gbé e dé Aldershot ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Fort Bragg ní Amẹ́ríkà, ó sì tún gbé e lọ sí Kóńgò lábẹ́ àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ní ọdún 1966, ọ̀gá pàtàkì ni ní olú ilé-iṣẹ́ bìrìgéèdì tó wà ní Kàdúná.

Oṣù Keje ọdún yẹn ni ṣójà bẹ̀rẹ̀ sí pa ṣójà, tí ẹ̀yà tí èèyàn ti wá sì di ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń yìnbọn fún un. Ogbemudia wà lára àwọn tí wọ́n ń wá. Àwọn tó ràn án lọ́wọ́ tó fi bọ́ ni Hassan Katsina àti Abba Kyari, ọ̀gá ológun ọmọ Àríwá ni àwọn méjèèjì, Mùsùlùmí sì ni wọ́n. Ó yẹ kí a rántí èyí dáadáa nígbàkúùgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ láàárín àwọn ológun. Bìní ni Ogbemudia sá wálé sí.

Ilé náà kò rọgbọ fún un pẹ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1967, lákòókò ogun abẹ́lé, ọmọ ogun Bìáfírà tí Victor Banjo, ọmọ Yorùbá, kó sòdí wọ Bìní. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ni Dífíṣọ̀n Kejì tí Murtala Mohammed ń darí gbà á padà. Ogbemudia ni wọ́n fi ìṣàkóso ìpínlẹ̀ Àárín Gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn lé lọ́wọ́, ó sì wà níbẹ̀ títí di oṣù Keje ọdún 1975. Bíi ti ọ̀pọ̀ gómìnà ológun ìgbà náà, ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti bí i ló ń ṣàkóso. Àárín àwọn tó bí i ló wà, àwọn tó mọ orúkọ baba rẹ̀ ló sì ń bá a wí. Iṣẹ́ tó ṣe kò fara sin. Ìwé ìròyìn Nigerian Observer bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1968, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó di Yunifásítì Bìní lónìí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, ó sì kọ́ pápá ìṣeré ní Ogbe. Nígbà tó kú ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2017, ẹni ọdún 84 ni. Orúkọ rẹ̀ ni pápá ìṣeré náà ń jẹ́ báyìí.

Ṣójà tí kò ní di gómìnà láé ló pọ̀ jù, ìgbésí ayé tiwọn ló sì kún inú báráàkì. Ọ̀pọ̀ wọn gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ ní Zaria, níbi tí wọ́n ti búra pẹ̀lú Bíbélì tàbí Kùránì. Ohun tí ẹni kọ̀ọ̀kan gbà gbọ́ ni wọ́n fi dè é mọ́ iṣẹ́, iṣẹ́ náà sì gbà láti pèsè ààyè fún un. Nínú báráàkì, ìjọ Kátólíìkì wà, ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì wà, mọ́ṣáláṣí náà sì wà. Ṣójà ni àwọn àlùfáà àti ìmáàmù wọn, wọ́n ní ipò, wọ́n sì ń gba owó oṣù bí àwọn yòókù. Páádè ni wọ́n ń pe àlùfáà. Òun ló ń so ọkọ pọ̀ mọ́ ìyàwó, tó ń sọ ọmọ lórúkọ, tó ń lọ sí ọsibítù, tó sì ń parí ìjà láàárín tọkọtaya kí ọ̀rọ̀ tó dé etí ọ̀gá. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ ń jókòó gbọ́ ìwàásù kan náà. Bí wọ́n bá ti jáde, wọ́n tún ń kí ara wọn bí ológun.

Àwọn ìyàwó ni òpó ibẹ̀. Magajiya ni wọ́n ń pe olórí wọn nínú báráàkì; òun ni ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ kò sí nílé máa ń sá tọ̀ bí omi bá tán, bí ọmọ bá ń gbóná tàbí bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Àwọn ìyàwó ọ̀gá ní ẹgbẹ́ tiwọn, NAOWA, tó ní ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri. Ọjà inú báráàkì, mámì mákẹ́ẹ̀tì, pàápàá, ìyàwó ṣójà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1959, Mariam Ochefu ń ta kunu nínú báráàkì ní Enúgu, níbi tí ọkọ rẹ̀, Anthony Ochefu, ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n lé e nítorí eṣinṣin, àmọ́ àwọn ṣójà kò lè fara da kí kunu má sí, ni wọ́n bá fún un láàyè níbòmíràn, àwọn obìnrin yòókù sì tẹ̀ lé e débẹ̀. Títí dòní, owó tí ìyàwó ń pa níbẹ̀ ló ń gbé ọ̀pọ̀ ilé ṣójà ró láàárín oṣù.

Ìṣípòpadà ló ń dà wọ́n láàmú jù. Ọmọ tí wọ́n bí ní báráàkì máa ń gbọ́ Haúsá àti pìjìn kó tó gbọ́ èdè baba rẹ̀, ó sì lè lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́ta ní ìlú mẹ́ta. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ìdílé ti pinnu pé ìyá àti àwọn ọmọ kò ní kúrò ní Bìní mọ́, kí baba máa lọ, kó máa bọ̀. Ìpinnu ọlọ́gbọ́n ni, ṣùgbọ́n ó níye tó ń ná wọn: baba di àlejò tó ń wálé nígbà ìsinmi, tó bá ọmọ rẹ̀ tó ti ga ju bó ṣe fi í sílẹ̀.

Láti ìgbà tí ogun Boko Haram ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, Bọ̀rnó ni wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ wọn lọ. Fóònù ló so ilé pọ̀ mọ́ ojú ogun, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì lọ, àwọn tó wà nílé a tẹ̀ síwájú nínú àdúrà àti ààwẹ̀. Fọ́ọ̀mù kan wà tí gbogbo ṣójà ń kọ orúkọ ẹni tí yóò gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí bó bá kú. Ẹni tó kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ síbẹ̀ kó tó gbéyàwó, tí kò sì lọ yí i padà, ti dá wàhálà ńlá sílẹ̀ fún opó rẹ̀. Kò sí ohun tí ṣójà onífẹ̀ẹ́ lè ṣe fún ilé rẹ̀ tó rọrùn tó pé kó lọ tún fọ́ọ̀mù yẹn kọ. Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ni gbogbo ìpínlẹ̀ máa ń rántí àwọn tó kú: wọ́n ń fi òdòdó lélẹ̀, wọ́n ń yìnbọn sókè, wọ́n sì ń tú ẹyẹlé sílẹ̀. Ọjọ́ yìí ni ogun abẹ́lé parí ní ọdún 1970.

Ẹni tó bá la iṣẹ́ náà já máa ń lọ sí Oṣòdì ní Èkó fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà kó tó gba ìwé ìfẹ̀yìntì, ní ibùdó tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn tó ti ogun Hitila dé. Wọ́n ń kọ́ wọn ní ọ̀sìn adìyẹ, iṣẹ́ ẹja, aṣọ rírán, iṣẹ́ iná mànàmáná àti òwò. Láti ọdún 2011 ni wọ́n ti yọ àwọn ológun kúrò nínú ètò ìfẹ̀yìntì tí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ń dá owó sí, ìjọba ló ń san tiwọn nípasẹ̀ ìgbìmọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ológun. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ sí Bìní nígbà tí agbára ṣì wà ní ilé tó ń kó sí lọ́jọ́ tó bá jáde ní báráàkì. Ẹni tí kò bá rà á gbọ́dọ̀ fi owó ìfẹ̀yìntì àkọ́kọ́ rẹ̀ gba yàrá, kó tó lè bẹ̀rẹ̀ òwò tí wọ́n kọ́ ọ ní Oṣòdì.