Bátìrì iPod Ló Kú, Orin Inú Rẹ̀ Ò Kú

Ọ̀pọ̀ ilé ọmọ Yorùbá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ló ní iPod àtijọ́ kan nínú dúrọ́ọ̀. Àwọn mìíràn ti da orin inú kásẹ́ẹ̀tì sí i: ìwàásù, orin òru ìṣọ́, ohùn ìyá àgbà tó ń ki ọmọ ní oríkì. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn fúnra rẹ̀ ti lè sọnù. Nígbà tó bá di ọjọ́ kan tí ẹ̀rọ náà ò tàn mọ́, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́, wọ́n á sì jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Ẹ̀yin ará wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì jù ú. Orin ò sí nínú bátìrì. Inú dísìkì ló wà, dísìkì kì í sì í gbàgbé nǹkan nítorí pé iná tán.

Bátìrì lithium ló wà nínú iPod. Ilé iṣẹ́ Apple fúnra wọn sọ pé tí a bá ti cháájì rẹ̀ tán pátápátá nígbà 400, agbára rẹ̀ á ti dín sí nǹkan bí ìdá 80 nínú 100. Èyí tí ẹ rà ní 2005 tàbí 2007, kò yani lẹ́nu tó bá ti rẹ̀ ẹ́. Ní 2022 ni Apple dáwọ́ dúró pátápátá láti máa tà á.

Kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá bátìrì ni lóòótọ́. Ẹ ti bọ́tìnì Hold síwá sẹ́yìn, kí ẹ wá tẹ Menu pọ̀ mọ́ bọ́tìnì àárín fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 8. Ẹ fi wáyà mìíràn cháájì rẹ̀. Tó bá ń ṣiṣẹ́ nígbà tó wà lórí iná, tó sì kú bí ẹ ṣe yọ wáyà, bátìrì ni. Tó bá ń dún kọ, kọ, kọ, dísìkì ló ń ṣàìsàn, bátìrì tuntun ò lè wò ó sàn.

Bó bá ṣì ń tàn lórí iná, ẹ kó orin inú rẹ̀ jáde ná. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, tó bá jẹ́ pé Windows ni wọ́n ṣètò iPod náà fún, ẹ ní kó fi àwọn fódà tó fara pa mọ́ hàn yín. Ẹ ó rí iPod_Control, Music á sì wà nínú rẹ̀. Ẹ dà á kọ gbogbo rẹ̀. Orúkọ fáìlì á rí jákujàku, àmọ́ orin náà pé. Tí iTunes bá béèrè Erase and Sync, ẹ tẹ Cancel o! Ibi tí ọ̀pọ̀ ti pàdánù ohun gbogbo nìyẹn, kì í ṣe ibi bátìrì.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo kọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bátìrì àti ike pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣí i kì í sábà ju £20 lọ. Ẹ̀rọ náà lè má tó bẹ́ẹ̀ lọ́jà. Ohùn ìyá yín ńkọ́? Ìwé ìṣirò èwo la fẹ́ kọ ọ́ sí?

Èyí tí iwájú rẹ̀ jẹ́ ike, tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ irin dídán, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 2005, ẹni tó bá ní sùúrù lè ṣe é. Classic ti 2007 tí iwájú rẹ̀ náà jẹ́ irin le gan-an láti ṣí. Nano ńkọ́? Wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó bátìrì rẹ̀ mọ́ ọn ni, ẹ gbé e fún oníṣẹ́. Ẹ wo iye GB tí wọ́n kọ sẹ́yìn kí ẹ tó ra bátìrì, torí èyí tó nípọn wà, èyí tó fẹ́lẹ́ náà sì wà.

Ẹ ti Hold pa. Ẹ ki ike bọ àárín iwájú àti ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ máa yọ eyín tó dì í mú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fà á ya o! Wáyà pẹlẹbẹ méjì ló so iwájú mọ́ ẹ̀yìn, ọ̀kan ti bátìrì, èkejì ti ihò íapíìsì. Ẹ ṣí i díẹ̀, kí ẹ gbé ike kékeré tó di wáyà bátìrì mú sókè, bíi mìlímítà 2 péré, kí ẹ sì fa wáyà náà jáde jẹ́jẹ́. Ìgbà yẹn lẹ tó lè ṣí i sílẹ̀ bí ìwé. Gọ́ọ̀mù ló mú bátìrì mọ́ ẹ̀yìn. Ẹ fi ike yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ má fi ọ̀bẹ kàn án, ẹ má tẹ̀ ẹ́ ká, torí tó bá lu, ó lè gbaná. Èyí tó bá ti wú, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ gbé e lọ fún oníṣẹ́. Ẹ lẹ tuntun síbẹ̀, ẹ ki wáyà rẹ̀ wọlé gún régé, ẹ tẹ ike rẹ̀ padà, kí ẹ sì dán an wò kí ẹ tó pa á dé.

Bátìrì àtijọ́ ò gbọ́dọ̀ wọ inú garawa ìdọ̀tí. Láti 2010 ni òfin ti ní kí àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta bátìrì púpọ̀ máa gbà á lọ́wọ́ wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra bátìrì lọ fún ará ilé ní Nàìjíríà, inú báàgì ọwọ́ ni kó fi sí, kì í ṣe inú ẹrù tí wọ́n ń kó sí ikùn ọkọ̀ òfuurufú.