Íntánẹ́ẹ̀tì Aláìlo-wáyà ní Red Hook, Àdúgbò Etí Omi

 

Àwọn ọmọ kíláàsì mi ni wọ́n bi mí léèrè bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń gba inú afẹ́fẹ́ wọ fóònù láìsí wáyà, àti ẹni tí ń sanwó rẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti ń fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìbéèrè kejì ni ó wù mí jù. Àdúgbò kan ni n ó fi dáhùn méjèèjì.

Red Hook ni orúkọ rẹ̀, ní Brooklyn, ìlú New York. Omi yí i ká ní ọ̀nà mẹ́ta, ọ̀nà mọ́tò ńlá kan sì gé e kúrò lára ìlú ní ọ̀nà kẹrin. Rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ kò dé ibẹ̀. Ilé tí ìjọba kọ́ fún mẹ̀kúnnù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó lágbára owó íntánẹ́ẹ̀tì oṣooṣù.

Ní ọdún 2011, ẹgbẹ́ Red Hook Initiative, tí ń tọ́jú àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀, àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Open Technology Institute bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹ̀rọ Wi-Fi sórí òrùlé. Ìgbì rédíò ni Wi-Fi, ìbátan èyí tí ń gbé ohùn oníwàásù wá sínú yàrá wa, àmọ́ agbára rẹ̀ kéré. Ògiri tó nípọn tàbí igi eléwé púpọ̀ a máa dí i lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé e sókè, kí ẹ̀rọ kan lè máa rí èkejì.

Ẹ rántí bí a ṣe tò láti etí kànga dé ibi tí a ti ń po sìmẹ́ǹtì nígbà tí à ń kọ́ mọ́sáláṣí. Ẹnì kan gba korobá, ó gbé e fún ẹni tí ó tẹ̀lé e. Bí ẹnì kan bá kúrò, àwọn tó kù á súnmọ́ra, omi kò ní dúró. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ń gbé ọ̀rọ̀ fún ara wọn; bí ọ̀kan bá kú, ọ̀rọ̀ á wá ọ̀nà mìíràn gbà. Ṣùgbọ́n kànga gbọ́dọ̀ wà o! Bí kò bá sí ẹ̀rọ kankan tí ó so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì gan-an, àwọn ará àdúgbò nìkan ni yóò lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá, 2012, ìjì Sandy gbé òkun wọ Red Hook. Iná kú, ọ̀pọ̀ ilé kò ní omi ẹ̀rọ fún ọjọ́ púpọ̀. Ilé ẹgbẹ́ náà kò rì, iná rẹ̀ kò sì kú. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń wá láti fi iná sí fóònù, láti ránṣẹ́ sí ẹbí pé àwọn wà láàyè, àti láti bèèrè ibi tí oúnjẹ àti oògùn wà. FEMA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ìjàǹbá, so íntánẹ́ẹ̀tì sátẹ́láìtì mọ́ ọn. Wọ́n bá ẹ̀rọ lórí òrùlé ni. Kànga ni wọ́n gbẹ́ kún un.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹgbẹ́ náà kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ní iṣẹ́ yìí: bí a ti ń gun òrùlé, bí a ti ń kọjú ẹ̀rọ síra wọn, bí a ti ń tún èyí tó bàjẹ́ ṣe. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Mélòó nínú kànga ẹlẹ́rọ tí àwọn olówó ṣe ní sàdákà járíyà ni ó ti di ìran wíwò, nítorí pé kò sí ọmọ ìlú kan tí ó mọ bí a ti ń tú ẹ̀rọ rẹ̀?

Ní ti owó, lọ́fẹ̀ẹ́ ni lọ́wọ́ ẹni tí ń lò ó, ẹlòmíràn ti san án. Ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kékeré kan ní Brooklyn fi tirẹ̀ ta wọ́n lọ́rẹ, àwọn aláàánú àti ìjọba ìlú sì dá owó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ wákáfù, kò ṣàjèjì sí yín.

Ọmọ kan wá bi mí bóyá a lè gbé irú rẹ̀ sórí mínárétì wa, kí ó máa dé ilé-kéwú. Ó ṣeé ṣe. Gíga tí ó fẹ́ ti wà níbẹ̀. Iná àti owó oṣooṣù ni a kò tí ì rí ẹni tí yóò gbà á mọ́ra.