Ọta Ìbọn tí ń Ta Tàkìtì

Ní Plateau ní ìlú Niamey, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àti ti àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè gbé wà ní òkè odò Ọya, ni a ti rí páálí kan tí ó mú wa dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ni ó mú un lọ́wọ́ ní abẹ́ igi dóńgóyárò níwájú ilé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ìgbà mẹ́wàá ni ó ti yìnbọn ìléwọ́ sí páálí náà. Ihò mẹ́ta péré ni ó rí roboto. Àwọn yòókù gùn gbọọrọ, bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ ni ọta fi wọlé dípò imú. Òmíràn tilẹ̀ rí bí ojú ihò kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀rọ̀ páálí yìí kì í ṣe eré. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fẹ́ wọ iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ tí ń sin owó lọ sí ilé ìfowópamọ́, ó sì ti kùnà ìdánwò ìbọn yíyìn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ku ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ti sọ pé bí ó bá tún kùnà, òun yóò bá a wá ọkọ̀ tí ń lọ sí ilé, nítorí ọwọ́ tí ń gbọ̀n kò yẹ ní ìdí ìbọn. Ìyàwó ilé ní tirẹ̀ gbà pé ẹnìkan ni ó fi ayẹta sí ọmọ náà lọ́nà. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ ní ẹnu wa. Ẹni tí ó ní ọwọ́ ni àti ẹni tí ó ní òògùn ni, kò sí èyí tí ó wo ìbọn nínú wọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a wo ihò náà dáadáa. Ọwọ́ tí ń gbọ̀n lè gbé ihò lọ sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Kò lè sọ ihò roboto di gbọọrọ. Ohun tí ó ṣe èyí ti ṣẹlẹ̀ kí ọta tó kúrò ní ẹnu ìbọn.

Ta ni kò ta òkòtó rí ní kékeré? Bí òkòtó bá ń yí kíkankíkan, yóò dúró lórí ṣóńṣó rẹ̀ bí ẹni pé a kàn án mọ́lẹ̀. Bí yíyí rẹ̀ bá dínkù, yóò máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, yóò sì ṣubú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọta ìbọn òde òní. Ó gùn ju bí ó ti fẹ̀ lọ, ìdí rẹ̀ sì wúwo ju imú rẹ̀ lọ, nítorí náà ni afẹ́fẹ́ tí ó dojú kọ ṣe ń wá ọ̀nà láti yí i po. Ohun kan ṣoṣo tí ó gbà á ni yíyí bí òkòtó. Nítorí èyí ni a ṣe ń fín ìlà sí inú ọ̀pá ìbọn, ìlà tí ó lọ́ bí ti ara ìgbín. Bí ọta bá gbá ìlà wọ̀nyí mú bí ó ti yẹ, yóò yí ju ẹgbẹ̀rún ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kò bá gbá wọn mú, yóò ta tàkìtì.

Láti nǹkan bí ọdún 1500 ni àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Jámánì ti mọ ọgbọ́n ìlà yìí. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọta tí ó fún mọ́ ìlà kò ṣe é tì láti ẹnu ìbọn wọ inú, èyí tí ó sì rọrùn láti tì kò gbá ìlà mú. Ọ̀gá ọmọ ogun Faransé kan, Minié, ni ó tú ìdè náà ní nǹkan bí ọdún 1849: ó gbẹ́ ihò sí ìdí ọta òjé, kí agbára ẹ̀tù lè fẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìlà. Àwa náà kò ṣe àjèjì sí ọgbọ́n yìí. Nígbà Ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí a ṣe àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, tí àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká tán títí di 1893, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó fi ìbọn Snider ránṣẹ́ sí àwọn ará wọn ní ojú ogun. Ìdí ọta Snider ní ihò, amọ̀ díẹ̀ sì wà nínú ihò náà, láti mú ọta fẹ̀. Ṣakabùlà tí ó pọ̀ ní ọwọ́ Ìbàdàn kò ní ìlà kankan nínú. Ọta roboto tirẹ̀ kò ní imú kò ní ìdí, kò sì sí bí tàkìtì ṣe lè yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá ti jìn díẹ̀, ibi tí ó wù ú ni ó ń lọ.

Ẹni tí ó yanjú ọ̀ràn páálí náà ni bàbá arúgbó kan, ará Kétu, tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tún ìbọn Faransé àti ti Rọ́ṣíà ṣe nínú iṣẹ́ ológun. Ọ̀rẹ́ ẹni tí ń kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ni, a sì bá a lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn. Ó ní kí ọmọ náà kọ́kọ́ súnmọ́ páálí ní ìṣísẹ̀ márùn-ún kí ó tó yìn. Ihò tún gùn gbọọrọ. Bàbá mi orí: ọta náà kò dúró kí ó jìnnà kí ó tó ṣìwà hù.

Lẹ́yìn èyí ni ó tú ìbọn palẹ̀, ó sì fi iná wo inú ọ̀pá rẹ̀. Ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú ṣáká, wọn kò jẹ. Ó wá òjé tí í máa dì mọ́ inú ìlà, kò rí. Bàbà ni wọ́n fi bo ọta náà lára. Ó fa òwú yíká etí ẹnu ìbọn. Bí etí náà bá ti ṣẹ́ ní ibì kan, agbára ẹ̀tù yóò gba ibẹ̀ yọ ṣáájú, yóò sì ti ìdí ọta sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òwú yóò sì há níbẹ̀. Òwú kò há. A rò pé ọ̀rọ̀ ti pin, bóyá kí a tilẹ̀ padà sí orí ayẹta.

Nígbà náà ni bàbá béèrè fún àwọn kátíríìjì. Ó yọ ọta méjì kúrò lórí wọn, ó sì fi irin ìwọ̀n rẹ̀ gbá wọn mú. 9.02 mílímítà ni ó kà. Ó tún un kà, ó sì fi irin náà hàn wá.

Makarov ni ìbọn náà, èyí tí àwọn ológun Rọ́ṣíà gbà sí iṣẹ́ ní 1951. “Mílímítà mẹ́sàn-án” ni a ń pè é. Parabellum ti Jámánì, tí ó ti wà láti 1902, “mílímítà mẹ́sàn-án” ni a ń pe òun náà. Ṣùgbọ́n ọta Makarov fẹ̀ tó 9.27. Kátíríìjì Parabellum gùn jù, kò sì ní wọ inú Makarov bí ó ti yẹ, nítorí náà kì í ṣe odindi kátíríìjì ni wọ́n ṣì mú. Ẹnìkan ni ó gba kátíríìjì Makarov tí a ti yìn tẹ́lẹ̀, ó tún ẹ̀tù rọ sí i, ó sì fi ọta Parabellum dé e lórí nítorí orúkọ kan náà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn kò ju irun orí mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a tò pọ̀ lọ, ṣùgbọ́n inú ìyàtọ̀ yìí ni ìlà wà. Ọta náà kàn ń ra ara mọ́ ìlà kọjá ni. Ẹ ro irú ọta bẹ́ẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìfowópamọ́ ní ọjọ́ tí ènìyàn ń gba owó oṣù.

“Bàbá, ṣé kì í ṣe ọwọ́ mi ni?” ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà béèrè lórí ìdọ̀bálẹ̀.

“Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ ní ẹ̀bi tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí.”

Wọ́n kó àwọn kátíríìjì náà kúrò, wọ́n sì wá ojúlówó. Ní ọjọ́ ìdánwò, ihò mẹ́wàá ni ó wà lára páálí, gbogbo wọn roboto. Mẹ́jọ wà nínú àmì. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ nawọ́ sí méjì tí ó bọ́ sí ìta, ó ní àwọn yẹn ni ti ọwọ́ òun.