Káàdì Géèmù Olówó Pọ́ọ́kú: Ẹ Má Wo 4GB Nìkan Kẹ́ Ẹ Tó Sanwó

Bí ọmọ yín bá ń dà yín láàmú pé kẹ́ ẹ ra graphics card fún òun, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bàpò.

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì tá à ń rà ní tọ̀kúnbọ̀, ọ́fíìsì ni wọ́n ti lò ó lókè òkun. Ó lè tẹ lẹ́tà, ó lè gbé fíìmù, àmọ́ kò lágbára láti ya àwòrán géèmù bó ṣe ń sáré. Iṣẹ́ tí káàdì yìí ń ṣe nìyẹn.

Nínú èyí tí kò gbówó lórí, GTX 1650 tí NVIDIA gbé jáde lọ́dún 2019 bá irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ mu. Iná tó ń jẹ kò ju bíi 75 wáàtì lọ, ojú ihò tí wọ́n kì í bọ̀ ló sì ti ń fà á. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: àwọn kan nínú rẹ̀ ṣì ń béèrè wáyà mìíràn látara páwà, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni kò sì ní in. Bí àpótí kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ pẹlẹbẹ, low profile ni kẹ́ ẹ béèrè.

Ẹlòmíì á ní, "4GB ni tèmi náà." GT 730 tó jẹ́ 4GB wà lóòótọ́. Àmọ́ ṣọ́ọ̀bù tó ní ìṣúra ńlá, tó jẹ́ ọmọ ọjà kan ló ń dá oníbàárà lóhùn, ṣé ọjà á yá níbẹ̀? GTX 1650 ní 896 core tó ń ṣiṣẹ́. Ti GT 730 kò ju 384 lọ. Core yẹn lọmọ ọjà, 4GB ni ìṣúra.

Ewu tó tóbi jù ni ayédèrú. Àwọn gbájúẹ̀ á mú káàdì àtijọ́ bíi GTS 450, wọ́n á yí orúkọ inú rẹ̀ sí GTX 1050 Ti. Windows gan-an á máa pè é bẹ́ẹ̀. Mo ti ra irú ẹ̀ fọ́mọ mi rí. Bí géèmù bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, kọ̀ǹpútà á kú. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n ki káàdì náà bọ kọ̀ǹpútà níṣojú yín. Kí wọ́n ṣí GPU-Z, ọ̀fẹ́ ni. Bó bá jẹ́ irú ayédèrú yìí, á kọ FAKE síwájú orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tan géèmù fún bí ìdajì wákàtí. Ọlọ́jà tó bá kọ̀, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.