Òṣìṣẹ́ ń Dínkù, Àgbà ń Pọ̀ Sí i: Ọ̀rọ̀ Àjọ Owó Ìfẹ̀yìntì ní Amẹ́ríkà

Ní oṣù kejì ọdún 2025, àjọ ìjọba tí ń san owó ìfẹ̀yìntì ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Social Security, kéde pé òun yóò dín òṣìṣẹ́ òun kù láti nǹkan bí 57 000 sí 50 000. Ẹni tí ó bá gbọ́ lè sọ pé 50 000 kò kéré. Ṣùgbọ́n àwọn tí àjọ náà ń sanwó fún lé ní 70 mílíọ̀nù: àgbà, opó, ọmọ òrukàn àti aláàbọ̀ ara. Bí a bá pín in, ènìyàn 1 400 ni ó wà lọ́rùn òṣìṣẹ́ kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá níhìn-ín. Àwọn ọmọ Kétu, Sábẹ àti Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún ń dá ìdá 6,2 nínú 100 owó oṣù wọn sínú ètò náà, ọ̀gá wọn sì ń dá iye kan náà. Ó di ìgbà tí ènìyàn bá dá a fún nǹkan bí ọdún 10 kí ó tó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìfẹ̀yìntì.

Ààrẹ Roosevelt ni ó fọwọ́ sí òfin ètò náà ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1935. Ní oṣù kìíní 1940, obìnrin kan tí ó ti ṣe akọ̀wé lọ́dọ̀ amòfin, Ida May Fuller, gba owó oṣooṣù àkọ́kọ́: dọ́là 22,54. Dọ́là 24,75 péré ni ó ti dá. Ó sì gbé ilé ayé pé 100 ọdún! Ajé ṣojú rere sí i.

Kì í ṣe owó sísan ni ó ń gba òṣìṣẹ́, ẹ̀rọ ń ṣe ìyẹn. Ẹjọ́ aláàbọ̀ ara ni iṣẹ́ wà: ìwé dókítà tí a ó kó jọ, tí a ó yẹ̀ wò, tí a ó tún padà wá bèèrè. Ní ọdún 2024, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ béèrè ń dúró ju oṣù méje lọ kí ó tó gbọ́ èsì. Martin O'Malley, tí ó ṣe ọ̀gá àjọ náà nígbà náà, sọ pé nǹkan bí 30 000 ènìyàn kú sẹ́nu ìdúró láàárín ọdún kan.

Wọ́n ní kí owó má baà ṣòfò ni. Síbẹ̀, nínú 100 dọ́là tí ètò náà ń ná, èyí tí ń lọ sí ìṣàkóso kò tó 1. Wọ́n tún ní kí ènìyàn lo íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó bá ti kọ́ àgbà ní ìwé kíkà mọ̀ pé fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo lè dá arúgbó padà sílé. Ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀, tí ó ń ṣàlàyé, ni ó ń gbà á là. Ní oṣù kẹta 2025, àjọ náà fẹ́ fòfin dè é kí ènìyàn má fi tẹlifóònù jẹ́rìí ara rẹ̀ mọ́. Àgbàrá òjò kò lóun kò nílé wó, onílé ni kò gbà fún un: ariwo sọ, wọ́n sì dẹwọ́.

Ní oṣù keje, nǹkan bí 1 000 òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì àdúgbò ni wọ́n ní kí wọ́n máa dáhùn tẹlifóònù. Bí ìpè bá tipa bẹ́ẹ̀ yá, àwọn tí wọ́n dìde nílé wá sí ọ́fíìsì wọ̀nyẹn ni yóò bá àga òṣìṣẹ́ lófìfo.