Ọpọlọ Tó Farapa, Ta Ló Máa Jẹ́rìí Rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé màmá kan ṣubú lórí àtẹ̀gùn ní Lewisham, ó sì fi orí gbálẹ̀. Wọ́n ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn oṣù kan, ó ń gbàgbé nǹkan. Báwo la ṣe máa wọn ohun tí àwòrán ò rí?

Ìwé ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń pè ní Rivermead, tó jáde ní 1995. Ìbéèrè 16 ló ní. Mẹ́ta dá lórí ìrònú: ìgbàgbé, àìlè pọkàn pọ̀, àti kó máa pẹ́ kéèyàn tó ro nǹkan já. Máàkì ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 4. 0 ni pé ìṣòro náà ò sí rárá, 4 ni pé ó le gan-an. 1 ni pé kò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọn kì í sì í ka 1 mọ́ àròpọ̀. Ìyípadà ni wọ́n ń wọ̀n.

Àmọ́ ọpọlọ tó farapa náà ló ń dáhùn! Ó dà bíi kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́ tó tún ń kọ ìròyìn ara rẹ̀. Tí ibi tó ń jẹ́ ká mọ àṣìṣe wa bá farapa, èèyàn á ní kò sóhun tó ṣe òun. Àwa Yorùbá tún ní tiwa: tí nọ́ọ̀sì bá béèrè àlàáfíà, "A dúpẹ́" ni Mọ́mì máa sọ. Nọ́ọ̀sì á kọ 0. Lódìkejì, àìsùn tàbí àníyàn lè mú kí máàkì ga.

Ìbàdàn ti fọ̀nà kan hàn wá. Ní 1992, University of Ibadan àti Indiana University bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àrùn ìgbàgbé àwọn àgbà ní Ìdíkàn. Wọ́n túmọ̀ ìbéèrè sí Yorùbá. Wọ́n bi àgbà fúnra rẹ̀, wọ́n sì tún bi ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Torí náà, tẹ́ ẹ bá ń sin Mọ́mì lọ rí dókítà, kí ẹni tó ń bá wọn gbélé tẹ̀ lé yín. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí: "Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbàgbé ìkòkò lórí iná lọ́sẹ̀ yìí. Kí wọ́n tó ṣubú, wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí." Ìyẹn ló máa jẹ́ kí máàkì náà ní ìtumọ̀.

Ó dìgbà o.